Igi Kérésì Lábẹ́ Omi

Tí mo bá ti kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta igi Kérésì nílùú Decatur, òórùn ewé tútù yẹn máa ń gbé mi padà sí ìgbà èwe mi, létí adágún omi kan lẹ́bàá ìlú Covington.

Kérésì ti kọjá. Daddy gbé igi wa sẹ́yìn mọ́tò, lórí àwọn súùtù wọn. Mo rò pé a máa yà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Nígbà tí a dé adágún, wọ́n so búlọ́ọ̀kù mọ́ ìdí igi náà, wọ́n tì í sómi. Ó rì tòun ti bọ́ọ̀lù pupa kan tí a gbàgbé sára rẹ̀.

"Daddy, kí ló dé tí ẹ sọ ọ́ nù?"

"Mi ò sọ ọ́ nù. Tí òtútù bá dé, ẹja crappie kì í rìn káàkiri. Àárín ẹ̀ka igi ló máa ń sá sí. Mọ ojú ibí dáadáa o. Ibí la ó ti máa pàdé ní Sátidé."

"Pàdé kẹ̀? Ṣebí ilé kan náà la ti ń bọ̀?"

Wọ́n na ọ̀pá ìwọ̀ kan sí mi. A ju ìwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi èṣí, tí wọ́n ti rì síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fa ẹja àkọ́kọ́ tagbáratagbára. Ẹnu rẹ̀ ya, ó bọ́.

"Rọra," ni Daddy wí. "Ẹnu rẹ̀ ò nípọn."

A mú mélòó kan, pẹlẹbẹ bí ẹpìà. Nígbà tí a délé, mo bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n gbé ọ̀rá ẹja lé mi lọ́wọ́ láti ojú fèrèsé mọ́tò. "Sọ fún Mummy kí wọ́n tètè fi iyọ̀ pa á."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Daddy kó jáde nílé wa. Lọ́jọ́ náà, mo kàn dúró síwájú ilé, omi ẹja ń kán sí bàtà mi, mo ń retí kí wọ́n pa mọ́tò.