Ìyá Tún-un-wò àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́

Ìyá Tún-un-wò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe orúkọ àbísọ. Bó bá ra bàtà, á yí i síwá-sẹ́yìn títí ẹni tó ń tà á á fi bínú. Bí ènìyàn bá kí i ju bó ṣe yẹ lọ, á fura. Ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì máa ń sọ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, ńṣe ni ìyàwó òun gbé òrùka sókè wò lójú gbogbo èrò, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ayédèrú fún. Obìnrin náà kì í jiyàn. Ó ní bí òun ò bá wò ó, ta ni yóò bá òun wò ó?

Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì, kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ débẹ̀, tí wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu géètì. Ọ̀gá Pátápátá tó ni ilé-iṣẹ́ náà ti ta ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti bá wọn sọ nǹkan kan ṣáájú, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́.

Láti ìgbà náà, síìpù tó bàjẹ́ àti ṣòkòtò tó ya ló ń tún ṣe ní yàrá iwájú ilé wọn. Bí wọ́n bá gbé aṣọ tuntun wá pé kó bá wọn rán an, á ní iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ òun. Irọ́ ni. Kò mọ̀ ọ́n rán ni. Ní ilé-iṣẹ́ yẹn, ẹni tó ń rán àpò kì í rán apá, ẹni tó ń rán apá kì í rán ọrùn. Ọrùn ni tirẹ̀, ọrùn nìkan, kò sì tíì rán ẹ̀wù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin rí. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run ni pé kí ọmọ òun obìnrin má dà bí òun.

Ni Ọ̀gá Pátápátá bá tún dé. Irun rẹ̀ ti funfun, Alága ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó ní òun ti ṣòwò tẹ́rùn, iṣẹ́ ọwọ́ lòun fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ìránṣọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́, ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ ọ̀sán. Inú gbogbo èèyàn dùn, àfi ẹnì kan.

Ó ní ejò lọ́wọ́ nínú. Ẹni tó ní òun á dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ti géètì mọ́ ìyá, kí ló fẹ́ fi ọmọ ṣe? Ọmọbìnrin náà, tó ti jáde ilé-ìwé tó sì ń jókòó sílé lásán, sunkún kò gbé oúnjẹ mì. Bàbá gbè sẹ́yìn ọmọ. Ó ní bí Alága bá tilẹ̀ jẹ́ ìkookò, ìkookò tó ń fúnni lóúnjẹ ọ̀sán ṣì sàn. Ìyá gbà níkẹyìn, bí kò tilẹ̀ gbà nínú.

Alaalẹ́ ló ń da ìbéèrè bo ọmọ. Kí ni wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ sí? Ta ló ń yà wọ́n ní fọ́tò? Ó tilẹ̀ lọ rìn yí ọgbà náà ká, bóyá wọ́n ń kó aṣọ táwọn ọmọ rán jáde lọ tà, títí aṣọ́nà fi bi í bóyá ó fẹ́ ra ilé náà ni. Kò rí nǹkan kan. Èyí tún bà á lẹ́rù sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ló wá béèrè ohun tó yẹ kó ti kọ́kọ́ béèrè: kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ wọn? Ọmọ ní apá aṣọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Apá náà ni. Ó ní ẹ̀ka apá lòun wà, àwọn kan wà ní ti àpò, àwọn kan ní ti ọrùn. Ìyá gbé ṣòkòtò tó ń tún ṣe sílẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ó di ọ́fíìsì Alága. Ọkùnrin náà dìde kí i, ó fún un ní àga, kò dá a mọ̀ rárá.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lọmọ mi máa kúrò lórí apá?”

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá mọ nǹkan kan dunjú ló ń níyì. Bí òun ṣe ṣe é nílé-iṣẹ́ òun nìyẹn, oníbàárà kankan ò sì dá aṣọ padà rí.

“Mo mọ̀ sà. Ọrùn ni mò ń rán níbẹ̀.”

Ẹ̀rín náà kú sójú rẹ̀. Obìnrin náà ò dúró.

“Nígbà tẹ́ ẹ ti géètì, mo lọ wáṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn télọ̀. Wọ́n ní kí n gé búláùsì. Mi ò mọ̀ ọ́n gé, mi ò sì mọ̀ ọ́n gé di òní. Ta ló ń wá ẹni tó mọ apá nìkan, bí kò ṣe ẹni tó ní ilé-iṣẹ́? Ṣé ẹ tún fẹ́ ṣí òmíràn ni?”

Alága ránṣẹ́ pe àwọn olùkọ́. Ìyá Tún-un-wò mọ gbogbo wọn. Àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn nílé-iṣẹ́ ọjọ́sí ni. Alága bi wọ́n pé ta ló lè dá rán ṣẹ́ẹ̀tì kan tán. Ti àpò wo ti apá. Ti ojú bọ́tìnnì wo ilẹ̀. Nínú gbogbo ilé ńlá yẹn, kò sẹ́nì kan.

“Mo rò pé oore ni mò ń ṣe,” ni Alága wí. “Mi ò bi ẹnikẹ́ni.”

Obìnrin náà ti múra sílẹ̀ de olè, kò bá olè. Ó dùn ún ju olè lọ. Olè, èèyàn lè lé e. Ẹni tó ń ṣoore láìmọ̀ ọ́n ṣe ńkọ́? Alága ní òun á wá télọ̀ gidi. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́, ó sì lọ sílé lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹnu dídùn ni. Ọmọ ò bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, àfi gbólóhùn kan: “Bí wọ́n bá lé mi, Màámi, ẹ̀yin lẹ lé mi.”

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yípo, ó tẹ̀lé ọmọ lọ. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ télọ̀ dúró níwájú kíláàsì, téèpù lọ́rùn. Aṣọ tí wọn ò tíì gé wà níwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Alága fúnra rẹ̀ jókòó lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, ó di sísọ́ọ̀sì mú bí ẹni di akàn mú.

“Ẹ jókòó, Màámi,” lọmọ rẹ̀ wí. “Tiyín rè é.”

Ó yí aṣọ náà wò nínú, ó yí i wò lóde. Ó wo òkè àjà, ó wo fèrèsé, ó wo Alága. Ó wá ibi tí tàkúté wà, kò rí i. Ìyẹn ò sọ pé kò sí. Ojú tì í láàárín àwọn ọmọdé yẹn, ó sì jókòó. Télọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó ní kó gé e.

Ìyá Tún-un-wò mú sísọ́ọ̀sì. Kò tíì gba ọkùnrin ẹ̀yìn yẹn gbọ́, bóyá kò sì ní gbà á gbọ́ láyé. Ó gé e.