Gbàdàmọ́sí àti Ebè Tí Ebi Ń Pa

Gbogbo ará Addo ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Gbàdàmọ́sí jẹ kòkòrò. Obìnrin oníbàárà kan ló gbé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ sókè, ó rí kòkòrò lára ewé, ó yínmú.

"Mi ò da kẹ́míkà sí i ni," ni Gbàdàmọ́sí wí. "Ohun tí kò pa kòkòrò ò ní pa ọ́." Ló bá ju kòkòrò náà sẹ́nu, ó rún un wómúwómú. Kòkòrò ọ̀hún gùn tó apá ọmọdé. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò ju ìka lọ, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ìtàn sọ.

Obìnrin yẹn rọra gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ ti jẹ ẹran inú rẹ̀ tán. Kí ló wá kù tí mo fẹ́ rà?"

Ilẹ̀ tó fi ń dáko lẹ́bàá ẹ̀kísípírẹ́ẹ̀sì kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ti ń wá ẹni tí yóò rà á kọ́lé, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan, Tóyọ̀sí, tó ti yunifásítì dé, tó ń ṣèwádìí bóyá ìgbẹ́ adìyẹ lè ṣe iṣẹ́ fẹ́tílásà. Àwọn onílẹ̀ ní bí ìwádìí náà bá yọrí sí rere, àwọn ò ní tà á mọ́.

Ebè mẹ́ta ni Tóyọ̀sí kọ. Ọ̀kan jẹ ìgbẹ́ adìyẹ, ọ̀kan jẹ fẹ́tílásà, ẹ̀kẹta ò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan, kí wọ́n lè fi wé àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewé ebè kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, Bàṣírát, ìyàwó Gbàdàmọ́sí, rí ọkọ rẹ̀ tó ń gbé garawa ìgbẹ́ adìyẹ lọ síbẹ̀.

"Bàbá Sùlè, wọ́n ní kí ẹ má fún un ní nǹkan kan o."

"Mo fẹ́ lọ kí i ni."

Lọ́jọ́ ìkórè, ebè kẹta ló tutù yọ̀yọ̀ jù.

"Bàbá, ta ló bọ́ eléyìí?" ni Tóyọ̀sí bi í.

"Èmi ni."

"Òun gan-an la ní kí ẹ má bọ́."

"O sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ sọ ọ́ tán, o lọ sílé. Èmi ni mo ń wo ojú rẹ̀ láràárọ̀."

Bí ìwádìí ṣe fọ́ nìyẹn. Àwọn onílẹ̀ ò dúró kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ta ilẹ̀ náà, wọ́n da yanrìn bo ẹ̀fọ́ náà láàyè. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù ńlá ló wà níbẹ̀, wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ tí kò rí kẹ́míkà, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Owó ìdì kan, Gbàdàmọ́sí ì bá fi fẹ́ ìyàwó kejì.

Òjò ọdún kejì tí wọ́n ta ilẹ̀ ò tíì dá tí Gbàdàmọ́sí fi kú. Tóyọ̀sí wá kí Bàṣírát.

"Màmá, ká ní Bàbá gbọ́rọ̀ ni, ilẹ̀ yẹn ì bá ṣì wà."

Bàṣírát rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìborùn nu ojú. "Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Mo bínú sí wọn títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè rí ohun tí ebi ń pa láràárọ̀ kó máa kọjá lọ, mi ò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé."