Ta Ló Bí Ọlọ́run?

Lónìí, ọmọdé bi èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀sìn ní ìbéèrè kan.

Èmi àti ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead lọ sí Woolwich, níbí ní Ìlú Ọba, fún fídáù ogójì ọjọ́ ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin mi.

Ó ní, “Grandma, ta ló bí Ọlọ́run?”

Mo fèsì bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ilé-kéú: “Ẹnikẹ́ni kò bí I. Kò ní ìyá.”

“Okay. So kò mọ bó ṣe máa ń rí tí mummy èèyàn bá kú.”

Mo tún ìborùn rẹ̀ ṣe, mo sì kọjú sí fèrèsé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni ẹ̀ bá sọ? Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí. Yóò tún béèrè.