Ọ̀kọ̀ Gígùn Ìlú Kòyẹsẹ̀

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Mo rántí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Festac, tí àwọn ilé ṣì ń rùn fún ọ̀dà, tí bàbá mi sì ń wa mọ́tò fún ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ ìjọba. Yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá náà ni àwa ń gbé. Ọmọ ọ̀gá, tí ó fi díẹ̀ jù mí lọ, ni ó dá ìlú kan sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ó pè é ní Kòyẹsẹ̀, ó fi ara rẹ̀ jẹ ọ̀gágun, ó sì sọ gbogbo àwa ọmọ àdúgbò di jagunjagun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn Kòyẹsẹ̀, ọ̀kọ̀ kúkúrú ni a ń lò, kálukú sì ń dá jà. Àjẹkù pákó àwọn kápẹ́ńtà ni ọ̀kọ̀ náà. Àwọn ọmọ òpópónà kejì, tí bàbá wọn ra kẹ̀kẹ́ fún, sì ni ẹlẹ́ṣin ọ̀tá. Wọ́n á já wọ àárín wa, a ó sì fọ́n ká bí ẹyẹ tí a sọ lókò. Nígbà tí ìyà náà pọ̀, ọ̀gágun ní kí a wá asà. A kó ìdérí garawa, a sì dúró ní èjìká sí èjìká. Asà tí mo gbé sọ́wọ́ òsì bo ẹni tó wà lósì mi. Ti ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi sì bo èmi. Ọ̀gágun ni ẹni náà. Ìpẹ̀kun ìlà ni ó dúró sí, níbi tí asà ẹnikẹ́ni kò ti bò ó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ni ó máa ń wí. Mo gbà á gbọ́ débi pé mo fi èédú kọ ọ́ sára ìdérí tèmi, mo sì rò pé ọ̀rẹ́ ni wá.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́ṣin kọ́gbọ́n. Wọ́n wá ọ̀pá tó gùn, wọ́n sì ń gbá wa lórí kọjá asà kí pákó wa tó kàn wọ́n. Nígbà náà ni ọ̀gágun rán mi lọ sí Kuje, abúlé tó wà nítòsí Festac, láti gé ọparun. Àwọn ọparun náà gùn ju ìlẹ̀kùn lọ, ọwọ́ méjèèjì la sì fi ń gbé wọn. Nítorí náà a ju asà sílẹ̀. A tò ní ìlà mẹ́ta, tí ṣóńṣó ọ̀kọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn ń yọ síwájú láàárín èjìká àwọn ará iwájú. Mo bi í pé ta ni yóò máa bò mí. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀kọ̀ gígùn ni asà báyìí, ọmọ dẹ́rẹ́bà. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Àwọn ẹlẹ́ṣin rí igbó ọ̀kọ̀ wa, wọ́n tẹ bíréèkì, wọ́n sì sá. Ọ̀gágun yí padà láti lé wọn. Ẹni tó gbé ọ̀kọ̀ gígùn kì í yí padà lójijì: ìdí ọparun rẹ̀ fọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò bàbá rẹ̀, èyí tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ nù gbẹ.

Ọ̀gá jáde, ó bèèrè ẹni tó ṣe é. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rí i, kò sì sí ẹni tó lanu. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi, níbi tí ọ̀gágun dúró sí.

"Dádì, òun ló gé ọparun wá," ni ọ̀gágun wí.

Mo ní èmi kọ́. Ìyàwó ọ̀gá bi mí bóyá mò ń pe ọmọ òun ní òpùrọ́. Bàbá mi ti dọ̀bálẹ̀ sínú àfọ́kù gíláàsì. "Ẹ dákun sà, ẹ foríjì í," ni ó ń wí, ó sì ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e tó parí, a ti kó ẹrù wa kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn ilé.

Satellite Town ni a ń gbé báyìí. Tánkà epo ni bàbá mi ń wà, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i nílé. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè ni èmi ń wò, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ni igi náà wà. Mo gbọ́ pé Kòyẹsẹ̀ ṣì ń jagun, àti pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò mi.

Èmi kò tíì dárí jì í. Síbẹ̀, nígbà tí mo bá rántí ọ̀sán ọjọ́ náà, mo máa ń rí bí ẹsẹ̀ ọ̀gágun ṣe ń gbọ̀n níwájú bàbá rẹ̀. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún ló yẹ kó bo ẹni tó wà lósì. Ta wá ni ó yẹ kó bo ẹni ìpẹ̀kun?