Ọ̀sẹ̀ Tí Ilario Kò Kùn

Bí mo bá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé mi, màá kan fèrèsé Ilario Bavastro. Bí wọ́n ṣe kọ́ Genoa nìyẹn: òkè tì wá lẹ́yìn, òkun dí wa níwájú, àwọn baba ńlá wa kò ríbi yà sí, ni wọ́n bá ń to ilé lé ara wọn lórí títí oòrùn fi di àlejò ládùúgbò wa. Àtẹ̀gùn Ilario jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Láti orí èkíní ni yóò ti máa kùn, nígbà tí yóò bá sì fi dókè, gbogbo wa ti mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é ní èbúté lọ́jọ́ náà.

Ogójì ọdún ló fi ń so ọkọ̀ òkun mọ́lẹ̀. Wọ́n á ju okùn tó nípọn bí itan àgbàlagbà sí i látinú ọkọ̀, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi kọ́ òpó irin. Kò sí ọ̀gá ọkọ̀ tí Ilario kò rí àléébù rẹ̀. Eléyìí yára jù, tọ̀hún ń fà bí ìgbín. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ojú òkun wá, ó ń ba eegun òun jẹ́. Bó bá ti orí òkè wá, ó ti tutù jù. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kankan kò bá fẹ́, á ní irú ojú ọjọ́ jákujàku wo nìyí?

Ẹ má rò pé inú rẹ̀ kì í dùn o. Ogún wa ni kíkùn. Àwọn àgbà ní nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lo ìgbòkun, ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń fi síwájú atukọ̀ ọmọ Genoa: kí ó gba owó tó jọjú, kó má sì kùn; tàbí kí ó gba owó kékeré, kó máa kùn bó ṣe wù ú. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í fi owó ṣeré níbí! Síbẹ̀, owó kékeré ni wọ́n ń mú. Ohun tí a bá fẹ́ràn là ń kùn sí. Èyí tí kò bá kàn wá, a ó yìn ín, a ó sì kọjá lọ.

Nígbà tó yá, orúnkún Ilario dẹnu kọlẹ̀. Ornella, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Colomba ìyàwó rẹ̀ bí, ti ń gbé Turin láti ogún ọdún. Ó rí ilé kan fún wọn nítòsí tirẹ̀, ilé ìsàlẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn kankan, ó sì mú wọn lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú. Bí wọ́n ṣe padà dé, mo bi Ilario lójú fèrèsé pé báwo ni Turin.

"Ó dáa."

"Ilé náà ńkọ́?"

"Ó dáa. Ó fẹ̀, ó sì mọ́lẹ̀."

"Ilario, ṣé ara ẹ yá?"

"Ara mi le koko," ló wí, ó sì pa fèrèsé dé.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé dókítà ti bá a sọ nǹkan.

Ornella ní tirẹ̀, Turin ti wọ̀ ọ́ lára. Ó gbọ́ "ó dáa", ó sì gbà pé ó dáa náà ni. Kíá ló rí ẹni tí yóò ra ilé wọn, wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni àwọn yóò tọwọ́ bọ̀wé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Ilario ń gun àtẹ̀gùn láìfọhùn. Ó sọ fún ẹlẹ́ja pé ẹja rẹ̀ dára. Ẹlẹ́ja náà sáré wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún bàtà ṣe. "Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣẹ ọ̀rẹ́ yín?"

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Colomba ní kí n wá bá àwọn di ẹrù. Mo bá Ilario nídìí tábìlì, ó ń ki focaccia, búrẹ́dì pẹlẹbẹ olóròóró, bọ inú kọfí oní-mílíìkì. Colomba bi í bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.

"Ó dùn," ni Ilario wí. "Ó dùn gan-an."

Colomba gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kí lo wí?"

"Mo ní ó dùn."

"Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti ń gbé e síwájú ẹ, òní ló wá dùn? Ilario, tó o bá fẹ́ kú, sọ fún mi kí n mọ̀!"

"Ta ló fẹ́ kú?"

"Kí ló dé tó ò kùn, nígbà náà? Kùn, jàre! Kùn sí iyọ̀! Kùn sí èmi!"

Ilario tẹjú mọ́ kọfí rẹ̀. "Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ ẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ lò ń gbẹ́rù gun àtẹ̀gùn yẹn látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Ní Turin, mo rí i tó o wọlé láì mí gúlegúle. Mo ní, tí Colomba bá fẹ́ sinmi, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi kùn?"

"Èmi? Sinmi?" Colomba fi aṣọ ìnuwọ́ na tábìlì. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yẹn? Nílùú tó jẹ́ pé inú fọ́tò ni màá ti máa rí òkun! Orúnkún ẹ ni mo rò tí mo fi panu mọ́, alágídí!"

Wọ́n ń wo ara wọn. Èmi tí mo gbé páálí dání, mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Ilario tún bu búrẹ́dì náà jẹ. "Iyọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù," ó ní. "Òróró ò tó. Kọfí yìí ńkọ́, àbí omi tẹ́ ẹ fi fọ àwo ni? Ta ló sì to páálí sójú ọ̀nà, ṣé kí n ṣubú ni?" Ó kùn, ó kùn, kò dánu dúró. Colomba jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, inú èmi náà dùn débi pé mo gbàgbé pé èmi ni mo to páálí síbẹ̀.

Ó wá ku Ornella. Colomba pè é lórí fóònù, ó sì sọ fún un pé àwọn ò wá mọ́. Ilario na etí sí fóònù náà, mo sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bí Ornella bá lè sọ pé "kò burú" pẹ́nrẹ́n, wọ́n ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ̀yin òbí wo rèé?" Ohùn rẹ̀ bú jáde, gbogbo wa ló gbọ́ ọ. "Mo ti ra kọ́tìnì! Ta ló fẹ́ bá mi lò ó? Ẹ tún fẹ́ kí n máa wọ ọkọ̀ ojú irin wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí kì í dé lásìkò yẹn, kí n tún wá máa pọ́n àtẹ̀gùn ìpọ́njú yín, nínú òórùn ẹja..."

Ilario gba fóònù, ó gbé e sétí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbọ́ ọ títí, kò já a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù, ojú rẹ̀ kún fún omijé.

"Colomba," ó ní, "ọmọ wa ṣì ni."