Ó Hù, Ó Wú

Òkun jìnnà sí Ouagadougou, àwa fúnra wa la ń po tiwa. Iyọ̀ la ń pò mọ́ omi nínú àwo gíláàsì, kí àwọn ẹranko òkun kéékèèké tí à ń sìn nílé ìwádìí má baà kú. Wọn ò lórí, wọn ò légungun. Ẹnu ni wọ́n ní, àti ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹnu náà ká. Iṣẹ́ mi ni kí n gé ọwọ́ yìí, kí n sì máa wọn bó ṣe ń yá hù padà sí. Tí omi bá tutù, híhù náà á falẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá ó ń dùn wọ́n. Mi ò mọ̀.

Bàbá mi, tó ta aṣọ ní ọjà Rood Woko títí ìtọ̀ ṣúgà fi dá a jókòó sílé ní Cissin, fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju èmi tí mò ń ṣe é lọ. Etí rẹ̀ ti ń di, síbẹ̀ tí mo bá ti wọlé, á ní, "Àwọn ọlọ́wọ́ gígé ńkọ́?"

"Ó ti hù, Bàbá!"

"Barka!" Bó ṣe máa ń dúpẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, dókítà ní àfi kí wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì ṣàdédé gbà.

Nígbà tá a gbé e padà wálé, ó fa téèpù tó fi ń wọn aṣọ yọ. "Máa wọ̀n ọ́n fún mi, d'accord?"

Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ ènìyàn kì í hù."

"Èyí tí kò lórí ń hù. Kí ló máa ṣe èmi tí mo lórí?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tó fi gbà. Inú bí mi, àní sí àwọn ẹranko yẹn pàápàá. Síbẹ̀, mo ń wọ̀n ọ́n kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Láàárọ̀ Jímọ̀ kan, mo yí téèpù ká ibi tí wọ́n ti gé e, kò pàdé níbi tó ti ń pàdé. Awọ ara ń dán, ó gbóná lọ́wọ́ mi. Wọ́n á tún un gé, lókè orúnkún, bí Bàbá bá ṣì lágbára tó máa fi là á já.

"Ó wú, Bàbá."

"Ó hù? Alhamdulilahi!"

Ìyá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ mi dáadáa. Ó fi ìborùn bojú.

Mo fẹnu sí etí Bàbá. "Wíwú ni. Kì í ṣe híhù."

Ó gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. "Máa lọ síbi iṣẹ́," ó ní. "Lọ wọn ti àwọn tó ń hù."