Pólíìṣì Lára Sájẹ́ǹtì

Ọjọ́ Sátidé kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń kun bàtà nílé wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Táyọ̀, ọmọ-ọmọ mi, máa ń kun bàtà ilé-ìwé rẹ̀, ìyẹn náà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ bá ti pariwo tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Nítorí náà, nígbà tí òórùn pólíìṣì dúdú gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi lórí àga láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, nílé wa ní Àkúrẹ́ níbí, mo mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ lẹ́yìnkùlé. Kí n tó dìde, ọwọ́ mi méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí n kò lè gbóòórùn pólíìṣì kí n má họra.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ fi sùúrù gbọ́ ìdí rẹ̀. Mo ti sọ ìtàn yìí rí bí àwàdà. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìlú Oǹdó ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Ọmọ Àkúrẹ́ ni Màmá, ọkọ ló gbé wọn dé Oǹdó, ṣùgbọ́n títí wọ́n fi kú, “ulé” ni wọ́n ń pe ilé, àwọn ará àdúgbò a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé wa gùn, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, bó bá sì di àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kòkó tí wọ́n sá á kún iwájú rẹ̀ dé etí títì, tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn kíkan rẹ̀ fi máa ń bá wa dé kíláàsì nínú aṣọ. Lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ dé, ni mo kọ́ ilé àwọn ẹran mi sí. Pákó àpótí ọṣẹ ni mo fi kọ́ ọ, bàbá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló bá mi kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹmọ́ òyìnbó la ń pè wọ́n. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ẹmọ́ inú igbó. Wọn kò nírù, ara wọn kún, bí wọ́n bá sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé koríko bọ̀, gbogbo wọn a súfèé lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà tó ń kọ́ wa níṣẹ́ ọ̀gbìn ló fún mi ní Ìyá Ewé, nítorí pé èmi nìkan ni kì í sá nígbà tó bá kàn wá láti gbá ilé ẹran ilé-ìwé, ó sì fi ìtọ́jú ibẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Pupa rẹ́súrẹ́sú àti funfun ni, àtẹ́lẹwọ́ mi ló sì ti máa ń jẹ ewé ọ̀dùnkún. Ó bí abo méjì sọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ tí wọ́n délé ayé ni wọ́n ti lajú, irun ti kún ara wọn, eyín ti wà lẹ́nu wọn. Màmá wò wọ́n títí, wọ́n ní àwọn kò rí ọmọ tuntun tó múra wáyé bẹ́ẹ̀ rí.

Kí tíṣà tó gbé ẹran lé mi lọ́wọ́, ó kó òfin fún mi. Ó ní kí n máa pààrọ̀ koríko ìtẹ́ wọn, kí n má jẹ́ kó tutù. Ó ní bí ẹran àlejò bá dé, kí n dá a gbé fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí n wo ẹ̀yìn etí rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé kòkòrò tó ń fa kúrúnà wọn kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, inú awọ ló sì ń gbé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi, mo fi rúlà fa ìlà sí i nídìí.

Fọlákẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi. Ilé wọn ló tẹ̀ lé tiwa. Bàbá rẹ̀ ni olórí akọrin ìjọ wa, bàtà bàbá náà sì máa ń dán débi pé àwa ọmọdé a máa wo eyín wa nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ń kọrin lọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti Fọlákẹ́ jọ ń jókòó lé nílé-ìwé. Bí mo bá ra gúgúrú, tiwa ni. Òun ló ní Sájẹ́ǹtì, akọ ẹmọ́ òyìnbó tó dúdú látòkèdélẹ̀, tó máa ń yan bí ọlọ́pàá tó fẹ́ gba ìgbéga.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ní ẹran tí kò sì ráyè rẹ̀ a fún ẹlòmíì sìn. Bí ẹran bá bímọ, wọn a pín in, ọ̀rọ̀ tán. Fọlákẹ́ ní òun fẹ́ fún mi ní Sájẹ́ǹtì sìn, nítorí pé ìyá òun ń kùn. Inú mi dùn dé góńgó. Màmá ló ṣe ẹlẹ́rìí wa, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n dijú bí ẹni tó wà níbi ìdána.

“Ulé mi rèé,” ni wọ́n wí fún Fọlákẹ́. “Ohun tó bá wọ ibí, ọmọ mi ló máa tọ́jú ẹ̀. Ṣé ara ẹran yìí yá?”

“Ó yá, Màmá.”

Èmi náà bi í, nítorí ìwé mi. “Ṣé kò sí kúrúnà lára ẹ̀?”

“Kúrúnà kẹ̀? Ṣé o ò rí bó ṣe ń dán ni?”

Ó ń dán lóòótọ́. Mo ronú kan ọjọ́ mẹ́rìnlá tí tíṣà wí. Ṣùgbọ́n ta ni í gba ẹran lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí á wá lọ sé e mọ́ inú agbọ̀n lọ́tọ̀ bí ọ̀daràn? Ìwọ̀sí gbáà nìyẹn. Ẹran àlejò ni tíṣà wí, ti Fọlákẹ́ kì í ṣe àlejò. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbé e sáàárín àwọn tèmi lójú ẹ̀ níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ kì í ṣú kí Fọlákẹ́ má wá kí Sájẹ́ǹtì. Á gbé e lé ẹsẹ̀, á ní òùngbẹ ń gbẹ òun, kí n lọ bá òun bu omi wá láti inú àmù. Mo máa ń sáré lọ ni. Omi tó tutù jù ni mo sì máa ń bu.

Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Ìyá Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé eṣinṣin ni. Oyún ti wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ikùn rẹ̀ ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Irun èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, awọ rẹ̀ yi, ó ń ṣí pẹ́pẹ́pẹ́, ó sì ń bu ara rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, á yí lulẹ̀, á máa gbọ̀n bí ẹni tí gìrì mú. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ tèmi sú fùúù, tó pupa, tó ń yún mi títí dé ìgúnpá.

Sátidé kan ni mo gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ dúdú kalẹ̀, mo ní kí n wẹ gbogbo wọn. Sájẹ́ǹtì ni mo kọ́kọ́ mú. Mo rọra fi ọṣẹ pa ẹ̀yìn etí rẹ̀. Omi náà dúdú. Mo tún un ṣe, ó tún dúdú, òórùn kan sì dìde látinú ọpọ́n náà tí mo mọ̀ dáadáa, nítorí pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń gbóòórùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀ olórí akọrin. Lábẹ́ pólíìṣì yẹn, orí Sájẹ́ǹtì pá, èjìká rẹ̀ pá, èépá ti bò ó látẹ̀yìn etí dé àárín ẹ̀yìn. Kúrúnà ọjọ́ pípẹ́ ni. Mo wá mọ ohun tí Fọlákẹ́ fi ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ bu omi tútù fún un.

Mo sáré lọ sílé wọn, omi dúdú ń kán ní ọwọ́ mi. Ó ń fo okùn níwájú ilé. Ó wo ọwọ́ mi, kò sì dúró.

“Ilé yín ló wà,” ni ó wí. “Kí ló kàn mí?”

Màmá kò pariwo lé mi lórí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń dáko kòkó ní kí n bu díẹ̀ nínú oògùn tí àwọn ń fín sí kòkó, kí n fi pa wọ́n lára, pé ọjọ́ kan péré ni. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní oògùn tó ń pa kòkòrò lórí igi gíga yẹn, kí ni yóò ṣe ẹran tí kò tó ìkúùkù méjì? Imí-ọjọ́ ni wọ́n lọ̀ kúnná, wọ́n pò ó mọ́ àdí àgbọn, èmi sì ń fi pa wọ́n lára. Mo kó gbogbo koríko ìtẹ́ wọn, mo sun ún. Mo da omi híhó sí pákó ilé wọn, mo sá a sóòrùn, mo tún da òmíràn.

Lọ́jọ́ Ajé, a tò sórí ìlà fún àyẹ̀wò ara. Tíṣà wo ọwọ́ mi. Ó wo ti Fọlákẹ́, ara tirẹ̀ náà ti sú. Ó ní níbo la ti kó kúrúnà. Kí n tó lanu, Fọlákẹ́ ti nàka sí mi.

“Láti ilé wọn ni, sà. Ẹran ẹ̀ ló kó o ran Sájẹ́ǹtì mi.”

Mo ní irọ́ ni, pé ó kun ẹran rẹ̀ ní pólíìṣì ni. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé ẹran náà wá kí òun rí i. Mo gbé e wá lọ́jọ́ kejì. Kí ló kù níbẹ̀? Ẹran pípá lásán, tó ń rùn fún imí-ọjọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi wẹ ẹ̀rí mi dànù. Tíṣà wò mí, ó mi orí, ó sì gba ilé ẹran ilé-ìwé kúrò lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìyá Ewé kú, tòun ti oyún inú rẹ̀. Mo ti ilé-ìwé dé, mo gbé koríko bọ̀, àwọn méjì súfèé, òun kò súfèé. Mo sunkún títí Màmá fi gbé mi pọ̀n, ọmọ ọdún mọ́kànlá odindi. Ẹmọ́ kéékèèké méjèèjì àti Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ gbádùn, irun wọn hù padà. Ẹni tó mú àrùn wá yè.

Títí táàmù yẹn fi parí, èmi nìkan ló dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Bí a bá pàgbo eré, kò sẹ́ni tó ń di ọwọ́ mi mú, etí aṣọ mi ni wọ́n ń dì mú. Fọlákẹ́ rí ẹlòmíì jókòó tì.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo pàdé rẹ̀ ní Arakale, ní Àkúrẹ́ níbí, àwa méjèèjì ti di ìyá àgbà. Ó dì mọ́ mi, inú rẹ̀ dùn. Mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ́. Ó ní, “Ìwọ lo ní àwọn ẹran oníkúrúnà ijọ́ yẹn, àbí? Wàhálà tó o kó bá wa!” Ó rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ̀. Kò purọ́ mọ́ nígbà náà. Ó ti gbà á gbọ́.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe àwàdà. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo sọ ọ́ fún Táyọ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí bàbá rẹ̀ ra ẹmọ́ òyìnbó dúdú kan fún un. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹran bí bàtà ọjọ́ Ìsinmi, a sì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn wá. N kò dárúkọ Ìyá Ewé.

Nítorí náà, nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé ní Sátidé tó kọjá, tí mo rí agolo pólíìṣì ní ṣíṣí, tí mo rí búrọ́ọ̀ṣì, tí mo rí ẹran lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, n kò lè bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ.

Dára, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń bọ̀ láti Ìgbàrà-Òkè, ó ń gbé akọ ẹmọ́ tirẹ̀ bọ̀ kó wá bá ẹran Táyọ̀ gbé. Ẹran Táyọ̀ sì ti ń họra láti ọ̀sẹ̀ kan.

“Màmá Àgbà, tí mo bá sọ fún un, kò ní wá mọ́.”

Mo jókòó tì í lórí pèpéle. Mo sọ ìtàn náà tán lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì. Ó sunkún. Ó na ọwọ́ sí omi láti wẹ ẹran náà, mo ní kó fi í sílẹ̀. Pólíìṣì náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí Dára fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Nígbà tí Dára dé, Táyọ̀ gbé ẹran náà jáde. Ó gbé e síwájú rẹ̀, ó ní, “Ó ní kúrúnà. Mo fi pólíìṣì bò ó. Má gbé tìẹ wọlé.” Dára dúró, ó wò ó. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ padà lọ sínú ọkọ̀ ìyá rẹ̀, ọkàn mi sì rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́yìn náà ni ó padà wá, ọwọ́ lásán, ó jókòó ti Táyọ̀, ó ní, “Ṣé ó ń dùn ún?”

Mo bá wọn wẹ pólíìṣì náà kúrò kí ẹran má baà lá a. Dókítà ẹran fún un ní abẹ́rẹ́, ó ní ká gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì fún èkejì, nítorí ẹyin kòkòrò tí kò tíì pa nígbà náà. Wọn kì í lọ imí-ọjọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n omi híhó la ṣì fi fọ ilé rẹ̀, ìtẹ́ àtijọ́ la ṣì sun, ọjọ́ mẹ́rìnlá ti tíṣà mi náà sì ni dókítà wí fún ẹran àlejò.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti ń bá Fọlákẹ́ wá àwáwí. Mo ní ọmọdé ni wá. Mo ní ẹ̀rù ló bà á, pé ọmọdé tí ẹ̀rù bá bà kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwáwí yẹn ló jẹ́ kí n lè rẹ́rìn-ín. Ní Sátidé, mo rí ọmọdé tí ẹ̀rù bà, ó dúró lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́, kò sì gbà tó ìṣẹ́jú kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Táyọ̀. Fọlákẹ́ ti pé mọ́kànlá.